Iná Tí Kò Rú Èéfín

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sẹ́tì 2005, tó jẹ́ akọ̀ròyìn, bá wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́.

Alága wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì àti pàṣán sọ wá di ènìyàn, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, àti ẹ̀yin ọmọ sẹ́tì mi tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu rárá, mo kí gbogbo yín. 

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ìwọ tí o ń kọ ìwé ìròyìn, wá sọ ohun tó lè ṣe àwọn ọmọ iléèwé wa láǹfààní. Má jẹ́ kó pẹ́ jù o, torí pé ìrẹsì ò ní í dúró dè ọ́." Mo gbà. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, torí òun ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lórí pápá iléèwé wa lọ́dún tó kọjá, tó jẹ́ pé bí mo bá fi í sílẹ̀ tí mo wá ń sọ̀rọ̀ gómìnà àti kọmíṣọ́nnà, ara mi ò ní í balẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná.

Ẹ rántí eré bọ́ọ̀lù tí àwa àgbà bá àwọn ọmọ ìsinsìnyí gbá lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n fi góòlù mẹ́rin sí ọ̀kan nà wá. Ẹ má bínú pé mo rán yín létí. Lẹ́yìn eré náà, ọ̀kan nínú wa tó ti Ìlú Ọba dé mú agolo kékeré roboto kan jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ṣí i, ó mú àpò funfun kan níbẹ̀ tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó sì fi há àárín ètè òkè àti eyín rẹ̀. Ọmọ SS2 kan, ọ̀kan nínú àwọn tó gbá góòlù wọlé wa, dúró tì í, ó ń wò ó. Ó ní, "Bọ̀ọ́dá, kí nìyẹn?" Ẹni wa dáhùn pé, "Ohun tí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun ń lò ni. Ó ń jẹ́ kí ojú èèyàn mọ́ kedere. Gba ọ̀kan wò."

Ọmọ náà gbà á. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń bì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn sì bò ó bí ẹni tí òjò pa. Kí ni àwa àgbà ṣe? A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé omi fún un, mo sì fọwọ́ lù ú léjìká, mo ní, "Má dààmú, yóò mọ́ ẹ lára."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìgbà tí mo dé ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí ibi tí mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Orí pápá kan náà ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, ní 2004.

Àwọn sẹ́tì mi mọ̀ pé mo wà nínú àwọn mẹ́rin tó ń sá eré ríléè fún iléèwé wa nígbà náà. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sá, kí n tó gbé ọ̀pá fún ẹnì kejì. Ẹnì kejì yẹn jókòó síbí lálẹ́ yìí. Ó ti fún mi láṣẹ pé kí n sọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà má wo ẹ̀yìn. Òun ló máa ń mú aṣáà wá láti ilé bàbá rẹ̀ àgbà, tí yóò dì í sínú ọ̀rá. Kì í fín in símú o. Sábẹ́ ètè ìsàlẹ̀ ló ń fi sí. Ó ní ó ń la ojú òun, pé bí wọ́n bá fọn fèrè báyìí, òun á ti dé ìdajì ọ̀nà kí àwọn yòókù tó mọ̀.

Ó fún mi. Mo bì. Ó ní, "Yóò mọ́ ẹ lára." Ó sì mọ́ mi lára lóòótọ́.

Gèémù másítà wa nígbà yẹn rí wa. Ẹ má gbọ̀n, mi ò ní í dárúkọ wọn, àti pé ẹni tó fẹ́ràn wa ni wọ́n. Wọ́n rí ọ̀rá náà lọ́wọ́ ẹnì kejì mi, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin arúgbó wọ̀nyí! Ó ṣáà sàn ju sìgá lọ." Bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n ti na ọmọ kan ní pàṣán méjìlá níwájú gbogbo iléèwé, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, torí pé wọ́n bá a níbi tó ti ń mu sìgá lẹ́yìn hósítẹ́ẹ̀lì. Ohun tí a kọ́ lọ́jọ́ náà kò ṣòro láti kọ́: èéfín ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí èéfín ò bá ti rú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìdí tí mo fi pe ọ̀rọ̀ mi ní iná tí kò rú èéfín nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i, eléré ìdárayá kì í sábà fẹ́ mu sìgá. Ó mọ̀ pé èémí ni ọrọ̀ òun. Ẹni tó bá ń sá eré tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ̀ pé sìgá yóò ba ẹ̀dọ̀fóró òun jẹ́. Ìdí nìyẹn tí tábà tí kò ní èéfín fi ń rí ọ̀nà wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ti rí ọ̀nà àbùjá: adùn tábà wà, ikọ́ kò sí, olùkọ́ ò sì gbóòórùn nǹkan kan. Kì í ṣe àwa nìkan ni èrò yìí ti tàn jẹ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti san owó ẹ̀kọ́ yìí jù.

Eré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù, tí wọ́n fi ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn tó ń ṣe é ti ń jẹ tábà lórí pápá. Pápá náà máa ń kún fún eruku, ẹnu a sì máa gbẹ. Tábà ń mú itọ́ wá. Wọ́n tún máa ń tu itọ́ náà sára ìbọ̀wọ́ aláwọ tí wọ́n fi ń mú bọ́ọ̀lù, kí awọ náà lè rọ̀. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ tábà ń gbé agolo ránṣẹ́ sí yàrá ìmúra wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọdé tó ń wo tẹlifíṣọ̀n yóò rí akọni rẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tó ń tu itọ́ dúdú sílẹ̀. Lójú ọmọdé, ara eré náà nìyẹn.

Ọmọ kan wà ní ìpínlẹ̀ Oklahoma tó ń jẹ́ Sean Marsee. Eré sísá ló ń ṣe, bí tiwa. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ 28 nídìí eré ríléè, òun sì ni wọ́n máa ń fi parí rẹ̀. Kì í mu sìgá, kì í mu ọtí, ó sì ń tọ́jú ara rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 12 ló ti ń fi tábà lílọ̀ sábẹ́ ètè. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí agolo náà, ó bá a wí, ó sì sọ fún un pé yóò pa á lára. Ẹ gbọ́ èsì tí ọmọ náà fún un: àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ń lò ó, kóòṣì àwọn mọ̀, kò sì sọ̀rọ̀, àwọn gbajúmọ̀ eléré sì ń polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Báwo ló ṣe wá lè burú?

Ní 1983, nígbà tó pé ọmọ ọdún 18, egbò yọ lára ahọ́n rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé nínú ahọ́n rẹ̀. Kò tán. Wọ́n tún gé nínú ọrùn rẹ̀, wọ́n sì tún gé nínú egungun àgbọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, 1984, ó kú. Ọmọ ọdún 19 ni. Nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó gba bírò àti ìwé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn eléré ìdárayá ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fẹnu kan nǹkan náà. Ìyá rẹ̀ pe ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tábà náà lẹ́jọ́. Ní 1986, ilé ẹjọ́ dá ilé iṣẹ́ náà láre.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn ọmọ yìí, ohun tó dá mi dúró kì í ṣe ikú rẹ̀. Àwa akọ̀ròyìn máa ń ka ikú lójoojúmọ́. Ohun tó dá mi dúró ni kóòṣì yẹn. Kò fún ọmọ náà ní tábà. Kò sọ pé ó dára. Ó kàn dákẹ́ ni. Ọmọ náà sì gbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn wọ̀n pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìdákẹ́jẹ́ ló sì wúwo jù. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ rí bí ẹ ti tóbi tó lójú wa.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan. Bill Tuttle gbá bésíbọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Detroit, Kansas City àti Minnesota. Ní 1993 wọ́n rí jẹjẹrẹ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ lórí iṣẹ́ abẹ, títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Òun àti Joe Garagiola, tóun náà ti gbá eré yìí rí, ń lọ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́ láti fi ojú náà han àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n lè rí ohun tí agolo náà ṣe. Ó kú ní 1998. Ní 2014, Tony Gwynn kú lẹ́ni ọdún 54. Ogún ọdún gbáko ló fi gbá eré fún San Diego, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló sì gba ipò kìíní nínú gbígbá bọ́ọ̀lù ní líìgì tirẹ̀. Jẹjẹrẹ ibi tí itọ́ ti ń wá, lẹ́bàá etí, ló pa á. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé tábà tóun ń fi sẹ́nu ló fà á. Kí n má purọ́ fún yín, àwọn dókítà kò fi ẹnu kò lórí pé tábà ló ń fa irú jẹjẹrẹ tirẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Curt Schilling, tóun náà jẹ́ gbajúmọ̀ nínú eré yìí, sọ fún ayé pé jẹjẹrẹ ẹnu ń ṣe òun, lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tóun ti ń lo tábà. Jẹjẹrẹ ẹnu kò ní àríyànjiyàn.

Àwọn tó ni eré náà ò jókòó títí láé. Láti 1993 ni wọ́n ti fòfin dè é nínú àwọn líìgì kéékèèké. Ní 2015, ìlú San Francisco ṣòfin pé kò gbọdọ̀ sí i ní pápá wọn mọ́. Boston, Los Angeles, Chicago àti New York tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọdún 2016 ń lọ sópin, àdéhùn tuntun sọ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ líìgì ńlá kò gbọdọ̀ lò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí nǹkan yìí bá ti mú, ó ti mú un.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ní ṣókí. Inú ewé tábà ni nikotíìnì wà. Bí èèyàn bá fi tábà sábẹ́ ètè, awọ inú ẹnu tinrin, nikotíìnì á gba ibẹ̀ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń lọ aṣáà máa ń po káún mọ́ ọn. Kì í ṣe fún adùn nìkan o. Káún ló ń jẹ́ kí nikotíìnì tètè jáde kúrò nínú tábà, ìdí nìyẹn tó fi ń "la ojú" kíákíá. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun náà mọ ọgbọ́n yìí. Wọ́n kàn ń fi kẹ́míkà tiwọn ṣe é ni. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà sọ pé bí èèyàn bá fi ìwọ̀n kan sẹ́nu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nikotíìnì tó máa rí níbẹ̀ tó ti sìgá mẹ́ta.

Bí ó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yára lù, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru. Ẹ ro ìyẹn wò fún ẹni tó fẹ́ sáré. Ọkàn rẹ̀ ti ń sáré kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. "Ojú tó là" yẹn ńkọ́? Fún ẹni tó ti mọ́ lára, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni pé ara ń béèrè nikotíìnì, ó sì rí i gbà. Bíi kí bàtà tó fún èèyàn lẹ́sẹ̀ máa ro ó látàárọ̀, kó wá bọ́ ọ, kó ní bàtà náà ló tu òun lára. Àjọ tó ń gbógun ti lílo oògùn olóró nínú eré ìdárayá lágbàáyé ti ń ṣọ́ nikotíìnì láti 2012, wọn ò tíì kà á sí èèwọ̀. Àwọn ọmọ wa lè gbọ́ èyí kí wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, kò léèwọ̀." Ohun tí kò léèwọ̀ fún eré kì í ṣe ohun tó dára fún ara.

Jẹjẹrẹ ńkọ́? Nígbà tí wọ́n bá ń sá ewé tábà, tí wọ́n ń jẹ́ kó kan, àwọn kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní nitrosamine máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló ń jókòó ti ètè, ti ẹran ìdí eyín, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, lójoojúmọ́, sójú kan náà. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á sí ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà, àti ti ẹ̀yà ara inú ikùn tí dókítà ń pè ní pancreas. Yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ, ẹran ìdí eyín máa ń fà sẹ́yìn, gbòǹgbò eyín á yọ síta. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwa rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí agolo roboto tó ti Ìlú Ọba wá, kí ẹni wa má bàa sọ pé mo bú òun fún ohun tí kì í ṣe tòun. Oríṣi méjì ló wà, àwọn èèyàn sì ń pe méjèèjì ní snus. Snus gan-an, tábà ni, ọ̀dọ̀ àwọn ará Sweden ló ti wá. Láti 1992 ni wọ́n ti ka títà rẹ̀ léèwọ̀ ní Ìlú Ọba, títí di òní. Èkejì ni àpò funfun, tí kò ní ewé tábà nínú. Ìyẹ̀fun tí wọ́n po nikotíìnì mọ́ ni. Èyí tí kò ní ewé yìí kò ní gbogbo májèlé tó wà nínú tábà Amẹ́ríkà, mi ò sì ní í sọ pé bákan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nikotíìnì ni nikotíìnì. Òun ló ń mú ọmọdé bì, òun ló ń mú ọwọ́ gbọ̀n, òun ló sì ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Ní 2024, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń gba owó oṣù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yunifásítì Loughborough gbé ìwádìí jáde: nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bi léèrè, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ fi í sílẹ̀ tí kò rọrùn fún wọn. Àwọn ni ọmọ wa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo Sátidé.

Ó ku ọ̀rọ̀ tèmi.

Mo gbé aṣáà láti iléèwé yìí lọ sí polí, mo sì gbé e láti polí dé ilé iṣẹ́ ìròyìn. Ìwé ìròyìn tí ẹ ń rà láàárọ̀, òru ni a ń ṣe é, aṣáà ló sì ń lé oorun lójú mi. Ìyàwó mi rò pé mo ti fi í sílẹ̀ láti ìgbà tí a ṣègbéyàwó. Kò sí èéfín tí yóò tú mi fó. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, eyín ń dùn mí, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ó fa ètè mi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ó tún wò ó. Ó ní, "Kí lẹ máa ń fi síbí?" Mo ní, "Kò sí nǹkan kan." Ó gbé dígí wá, ó ní kí n wò ó fúnra mi. Awọ ibẹ̀ ti di funfun, ó ki, ó sì hun jọ bí awọ ẹsẹ̀ ẹni tó pẹ́ nínú omi. Ó wà ní ibi tí mo máa ń fi aṣáà sí gẹ́lẹ́, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì.

Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dúró de èsì. Mi ò lè sọ fún ìyàwó mi, torí pé mo ní láti kọ́kọ́ sọ pé mo purọ́ fún un fún ọdún mẹ́jọ. Mo sọ fún un ní ọjọ́ kẹsàn-án. Èsì dé, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà ní bí mo bá dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kó lọ. Bí mi ò bá dáwọ́ dúró, òun ò lè ṣe ìlérí kankan fún mi. Mo dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò ṣeé bá gbé: mò ń bínú, orí ń fọ́ mi, mi ò sì rí ìròyìn kankan kọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ibẹ̀ padà di pupa bó ṣe yẹ. Mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹnì kejì mi nínú ríléè kò ríre tó bẹ́ẹ̀. Eyín rẹ̀ méjì níwájú nísàlẹ̀ ti lọ. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó ní, "Sọ ọ́ fún wọn. Sì sọ fún wọn pé mo ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì wà lórí ẹ̀kẹrin." Ẹ bá mi kí i kú ìforítì.

Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó. Ọdún kan ti kọjá tí dókítà fi dígí hàn mí, ẹnu tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná ni, kí n tó dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn yẹn, tí mo sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé yóò mọ́ ọn lára. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo rí i tí orí ọmọ wọ́, mo sì rẹ́rìn-ín.

Mo wá ọmọ náà lọ láàárọ̀ yìí. SS3 ló wà báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gèémù másítà tuntun, mo sì fi ètè mi hàn án, ibi tí wọ́n ti gé e. Ó ní òun ò tíì fẹnu kàn án mọ́ látọjọ́ yẹn. Inú mi dùn. Àfi bó ṣe wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ́dá, àwọn méjì nínú tíìmù wa ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á."

Nítorí náà, Alága, ohun mẹ́ta ni mo wá bẹ ẹgbẹ́ yìí fún, kò sì sí èyí tó gbówó lórí níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, lọ́la, bí a bá wọ pápá àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí agolo, ọ̀rá àti sìgá dúró sínú mọ́tò. Àgbà tó bá fẹ́ lò ó, kó lò ó nílé ara rẹ̀. Láti 2015 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé a kò gbọdọ̀ ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Kò yẹ kó jẹ́ àwa ni yóò máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkejì, a ti dá owó jọ fún jẹ́ẹ̀sì àti bàtà. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká fi ohun kan kún un. A ní dókítà eyín méjì nínú ẹgbẹ́ yìí, mo sì ti bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá fa ètè àwọn eléré ìdárayá wa wò. Ìṣẹ́jú méjì ni fún ọmọ kan. Egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, awọ tó funfun tàbí tó pọ́n lódìlódì, ibi tó le nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ìwọ̀nyí ló ṣeé tètè rí bí ẹnì kan bá wò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pàṣán ṣe é. Pàṣán tí ẹ fi na ọmọ tó mu sìgá lọ́jọ́sí ló kọ́ wa láti wá èyí tí kò ní èéfín. Ẹ bi ọmọ náà pé, "Kí ló wà lẹ́nu rẹ?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bi mí ní ìbéèrè yẹn ní 2004, mi ò mọ̀ bóyá mi ò bá ti jáwọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò bá má lè sọ pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ẹni wa tó ti Ìlú Ọba wá lọ́dún tó kọjá tún wà níbí lọ́dún yìí. A ti jọ sọ̀rọ̀, kò bínú. Ó ní òun yóò gbé agolo náà fún ìyàwó òun kí eré tó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mo ní kó fi tibi tó fi pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ náà kún un. Ẹ̀rín tó rín ni mo fi mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ.

Mo ti gbọ́ òórùn ìrẹsì, akọ̀wé sì ti ń wo aago. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká tún ríra lámọ́dún, pẹ̀lú ẹnu pípé àti eyín pípé. Kí a sì rántí pé lọ́la, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, góòlù mẹ́rin ni a jẹ àwọn ọmọ yẹn.